Ṣíbí Inú Ìgò Màmá Kò-Bàjẹ́

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ìtàn ṣíbí, kò tíì mọ Màmá Kò-Bàjẹ́ rárá. Jáàmù máńgòrò, èyí tí a máa ń fi jẹ búrẹ́dì, ni wọ́n ń sè lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ lórí iná, níbi tí wọ́n ti ń bá kápẹ́ńtà ilé kejì jiyàn lójú fèrèsé. Nígbà tí ọkọ ọmọ wọn ki ṣíbí bọ ìgò lọ́jọ́ kejì, ṣíbí wọlé, kò jáde mọ́. Ó fà á títí. Ó gbé ṣíbí sókè, ìgò bá a gòkè.

"Màmá, ó ti gan o!"

"Kí ló gan? Jáàmù tó mọ iyì ara rẹ̀ nìyẹn. Kò bàjẹ́!"

Wọ́n ní kí kápẹ́ńtà wá bá wọn yọ ọ́. Ó fi ìka kan jáàmù náà: kó, kó, kó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi se ìgò méjì sí i. Mo fẹ́ fi lẹ ẹsẹ̀ àga."

Ọjọ́ yẹn ni orúkọ náà lẹ̀ mọ́ wọn, ó sì lẹ̀ ju jáàmù lọ.

Nígbà tí ti ọsàn ṣàn bí omi, wọ́n ní ti mímu ni. Nígbà tí gúáfà jóná nídìí ìkòkò, wọ́n ní àwọn tó mọ oúnjẹ jẹ ń wá òórùn èéfín kiri ni. Ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sí i, háà! Wọ́n á kán díẹ̀ sórí àwo tútù, wọ́n á fi ìka tì í. Bó bá ti hunjọ bí aṣọ tí a kò lọ̀, iná di pípa. Ẹ ó lá àwo náà, ẹ ó tún lá ìka!

Ọmọ wọn obìnrin fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, kí ọwọ́ yẹn má baà bá wọn lọ.

"Màmá, kí ló mú ti ọsàn ṣàn?"

"Kò ṣàn."

"Èyí tó gan ńkọ́?"

"Èwo ló gan?"

"Màmá, ṣíbí ṣì wà nínú ẹ̀!"

"Ó wù ú kó wà níbẹ̀ ni."

"Tẹ́ ẹ ò bá sọ àṣìṣe yín, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó tọ̀nà?"

"Àṣìṣe wo?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ, wọn ò jẹ́wọ́ ẹyọ kan.

Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn fọ ìgò. Lẹ́yìn ìsìnkú Màmá, ọmọ wọn obìnrin kó àwọn ìgò òfìfo sínú omi gbígbóná, kí bébà tí Màmá kọ orúkọ jáàmù sí lára wọn lè bó. Bébà kìíní léfòó. Pẹ́ńsùlù Màmá wà lẹ́yìn rẹ̀: "Ọsàn. Ó ṣàn. Mo tètè pa iná."

Òmíràn bó: "Gúáfà. Ó jóná. Mi ò rò ó dáadáa."

Ó sáré lọ gbé ìgò oníṣíbí, ó rẹ òun náà.

"Máńgòrò. Ó gan. Ẹnu mi ló pọ̀. Ọmọ mi, má jẹ́ kí kápẹ́ńtà gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì tètè mọ ìgbà tí ẹ̀rín yẹn di ẹkún.

Ó to àwọn bébà náà sí ẹ̀gbẹ́ iná, ó gbé máńgòrò kaná. Kápẹ́ńtà yọjú lójú fèrèsé: "Kí là ń sè níbẹ̀ yẹn?"

Ojú rẹ̀ kò kúrò nínú ìkòkò. Ó ń ro jáàmù.

Ó kán díẹ̀ sórí àwo tútù. Ó fi ìka tì í. Ó hunjọ.

Ó gé bébà tuntun, ó kọ "Máńgòrò" síwájú rẹ̀. Kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, ó yí i padà, ó mú pẹ́ńsùlù: "Kò bàjẹ́, Màmá."