Ìka Ìsmáílà Onírímù

Ní gbogbo àyíká Gàmbàrí, bí rímù mọ́tò bá dúdú kọjá ohun tí ọṣẹ lásán lè ká, Ìsmáílà ni wọ́n ń gbé e lọ bá. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń fọ mọ́tò. Eruku bíréèkì kì í ṣe eruku ilẹ̀. Irin tó jẹra wọn ni, gbígbóná ló sì fi ń lẹ̀ mọ́ rímù. Ìsmáílà a gbé omi bátìrì, ásíìdì tó ń jẹ irin, a bu omi díẹ̀ là á, a ti ìka lásán bọ inú rẹ̀. Ìka ló fi ń ríran. Ibi tí kò bá tíì dán lábẹ́ ìka rẹ̀, á tún padà síbẹ̀.

Tahir tí wọ́n jọ ń fọ mọ́tò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á dúró kí rímù tutù, á da omi sí i kí eruku má baà fò, á fi aṣọ bo imú, á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgúnpá, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló sì ń lò. Bó ṣe yẹ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́, kì í sì í dán tó ti Ìsmáílà. Ìsmáílà sọ ọ́ ní Ìyàwó. Níwájú oníbàárà, a ní kí wọ́n má jẹ́ kí omi kan Ìyàwó, làálì ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbẹ. Gbogbo wọn a rẹ́rìn-ín, Tahir a tẹjú mọ́ rímù tó ń fọ̀. Bí wọ́n bá ní kí Ìsmáílà náà wọ ìbọ̀wọ́, a ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Lọ́jọ́ kan, Àlájì Hamzah tó ń ta àgbàdo lọ́pọ̀ ní Ìpàta rí ojú ara rẹ̀ nínú rímù jíìpù rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun máa rán Ìsmáílà lọ sí Mẹ́kà. Ìsmáílà jókòó sínú omi ìdọ̀tí, ó sunkún. Kò sí ohun mìíràn tó ń fẹ́ láyé. Bàbá rẹ̀ kú láì dé Mẹ́kà, ní ìlú tí wọ́n ti ń pe ẹni tó ń ta súyà ní Àlájì.

Ní ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù, wọ́n ní kó gbé ìka lé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ yí ọwọ́ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

“Bàbá, ìka yín ò ní ìlà mọ́.”

Ó ní kó lọ fi ọwọ́ sinmi fún oṣù kan, kó má fi kan ásíìdì, kó wá padà wá. Àyè tó kù kí wọ́n ti ìwé orúkọ àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nàfísàt, ìyàwó rẹ̀, ń fi òrí pa ìka náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹrin, Ìsmáílà gbé àtàǹpàkò sójú oòrùn, ó rí ìlà tín-ín-rín. Ó pe gbogbo ilé wá wò ó. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló máa padà lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, jíìpù Àlájì Hamzah dé láti Malete, rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú bí ìdí ìkòkò. Àlájì ń kánjú lọ síbi yìgì. Tahir ní kó fún òun ní wákàtí kan. Àlájì ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Ìsmáílà. Kò níkà nínú. Ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìka ni, bí olówó ṣe máa ń gbàgbé. Ta ló máa sọ pé òun ò ṣe fún ẹni tó ń gbé e lọ sí Mẹ́kà?

Nígbà tí Ìsmáílà dé, Tahir bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó nà án sí i. Ìsmáílà wọ̀ ọ́, ó fọ rímù kan, kò sì mọ̀ bóyá ó mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti fọ́jú. Àlájì ní irú ti Tahir ló ń fọ̀ fún òun yìí. Ẹnì kan ní Ìyàwó ti di méjì, ẹ̀rín sọ. Ojú ti Ìsmáílà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ sọnù, ó ti ọwọ́ bọ omi bátìrì tí kò bomi là, rímù sì ṣì gbóná. Èéfín ń rú. Nígbà tó parí, Àlájì yìn ín, ó wọ mọ́tò lọ.

Ní Mọ́ńdè, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan. Àlájì káàánú, ó ní Ọlọ́run ò tíì pè é ni. Ó wá bèèrè ẹni tí ìlà ìka rẹ̀ pé láàárín àwọn tó ń fọ mọ́tò, wọ́n sì fi Tahir hàn án, òun ló rán lọ.

Ọjọ́ tí Tahir dé láti Mẹ́kà, Ìsmáílà náà bá wọn lọ kí i. Tahir nínú jàlàbíà funfun fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bọ̀ọ̀dá, mo mọ̀ pé ẹ ò lè fi ìbọ̀wọ́ fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín. Ìdí tí mo fi fún yín nìyẹn. Mo ti tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó ku ọ̀dọ̀ yín.”

Ìsmáílà mọ ohun tí àwọn alùfáà ń sọ: ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá ṣẹ ènìyàn, Mẹ́kà kì í wẹ̀ ẹ́ títí ẹni náà á fi yọ̀ǹda. Ohun kan ṣoṣo tó kàn án nínú Háájì náà nìyẹn.

“Mi ò forí jì ọ́, Àlájì,” ló wí, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.