Ọmọ Tó Yíjú Nínú Fótò Zacchaeus

Ọkọ kan ni mo fẹ́, ẹni méjì ni mo bá nílé. Mi ò fi ṣeré rárá. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí ní Akówọnjọ, kò sí àárọ̀ tí ọkọ mi kí mi kó tó kí ẹnìkejì. Yóò jáde sí pálọ̀, yóò dúró níwájú ògiri, yóò tẹ̀ba díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tí ẹ̀yìn kò gbà fún un, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Lẹ́yìn ìyẹn ló máa tó wá bi mí bóyá omi wà.

Fótò ló ń kí. Táyéwò ni orúkọ ọkọ mi. Bàbá Hope ni mò ń pè é, nítorí ọmọ wa. Níwájú ìyá rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń sọ fún un, nínú yàrá, "ìwọ" ni. Ọmọkùnrin kékeré méjì ló wà nínú fótò náà, aṣọ kan náà, fìlà kan náà. Èyí tó wà lápá òsì wo iwájú gan-an. Èyí tó wà lápá ọ̀tún yí ọrùn, ó ń wo ẹ̀gbẹ́. Bàbá Hope ní Kẹ́hìndé ni ẹni tó yíjú, òun tó wà lápá òsì ló sì ń wò. "Ó ń ṣọ́ mi ni," ló máa ń wí. Ẹ sì mọ̀ pé bí Táyéwò tiẹ̀ kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán an wá tọ́ ayé wò.

Kẹ́hìndé ò pẹ́ láyé. Ibà kan ló gbé e lọ. A kì í sì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú, kó má baà fẹ́ tẹ̀ lé e. Nítorí náà, wọ́n sọ fún Táyéwò pé Kẹ́hìndé lọ sí Èkó. Ìgàndó ni wọ́n ń gbé. Kí èèyàn sọdá afárá lọ sí erékùṣù lọ́hùn-ún ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní lílọ sí Èkó, títí dòní. Ọmọ gbà á gbọ́. Ó dàgbà, ó mọ òtítọ́, síbẹ̀ nígbà tá à ń fẹ́ra wa sọ́nà, bí a bá jọ dé Ìdúmọ̀tà ní erékùṣù yẹn, mo máa ń rí i tó ń yẹ ojú àwọn ọkùnrin tó ń kọjá wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń sá fún ọlọ́pàá ni.

Ohun kan ṣoṣo ló rántí nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í sì í ṣe ojú. Ó rántí yàrá kan tó ń rùn bíi kàfúrà, tí ohùn ọkùnrin kan sì ní, "Kẹ́hìndé, gbójú sókè, wo ọwọ́ mi." Ọjọ́ tí wọ́n ya fótò náà nìyẹn. "Mo gbọ́ tí wọ́n pè é," ló máa ń sọ fún mi. "Ó wà níbẹ̀. A jọ wà níbẹ̀ ni."

Èmi o, ẹ̀rù fótò yẹn ń bà mí. Bí mo bá ń gbálẹ̀ pálọ̀, mi ò jẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i. Ọmọ tó ń wo iwájú ò ṣe mí ní nǹkan kan. Èyí tó yíjú ni ìṣòro mi. Ó dà bí ẹni pé ó máa tó yí i padà, tí màá sì gbójú sókè bá a tó ń wò mí. Nígbà tí mo lóyún Hope, mo fi aṣọ bò ó. Ìyá ọkọ mi wá kí wa, wọ́n ṣí i, wọ́n ká aṣọ náà dáadáa, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mi ò bò ó mọ́.

Zacchaeus ni orúkọ ẹni tó yà á, oníṣẹ́ fótò ní Ìgàndó. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ háyà, ni wọ́n bá kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ fún ọkọ̀ akólẹ̀: fíìmù, kámẹ́rà, lẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ dé etí Bàbá Hope nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti dé ààtàn Solous. Ọkọ mi, tó jẹ́ pé yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé girama kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ló ń tọ́jú, tí aṣọ rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n, wọ ààtàn pẹ̀lú bàtà iṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti mọ Yahya, tó ń ṣa irin àti ike níbẹ̀. Ó sọ fún un pé ohunkóhun tó bá jọ ojú kámẹ́rà, kó má tà á fún onírin, kó gbé e wá.

Bí lẹ́ǹsì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wa nìyẹn. Lẹ́ǹsì nínú ìrẹsì, lẹ́ǹsì lẹ́yìn tẹlifísọ̀n, lẹ́ǹsì nínú agolo bisikíìtì tí mo fẹ́ fi tọ́jú òwú ìránṣọ mi. Àwọn kan ti dípẹtà, àwọn kan ti hu nǹkan funfun nínú. Bàbá Hope máa tú wọn, ó máa fi spírítì àti òwú nù wọ́n, ó máa dì wọ́n padà. Ó gbọ́n nínú rẹ̀ débi pé àwọn ọ̀dọ́ tó ti padà sídìí kámẹ́rà onífíìmù ń wá a wá láti Ìkẹjà. Wọ́n á dárúkọ àwọn lẹ́ǹsì ńláńlá tí gbogbo ayé ń lé. Òun á gbé èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ lé wọn lọ́wọ́. "Orúkọ kọ́ ló ń ríran," á wí, "ẹ lọ fi ya fótò kí ẹ tó yọ ṣùtì sí i." Wọ́n á padà wá dúpẹ́.

Wọ́n rò pé eré ọwọ́dilẹ̀ ló ń ṣe. Èmi mọ ohun tó ń wá. Nínú fótò ara ògiri yẹn, àmì funfun méjì wà, wọ́n tẹ̀ bí èékánná, ọ̀kan lókè èjìká ọ̀tún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá Hope ní lẹ́ǹsì Zacchaeus ló ti fọ́ létí níbi méjì, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ yà bàrá. Lẹ́ǹsì alápàá méjì ló ń wá. "Ojú tó rí ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ààtàn yẹn," ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí mo ní kó kó gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ jáde. "Gbogbo ẹni tó rí i ló ti ń kú tán. Tí mo bá rí ojú yẹn, èmi náà á fi wo nǹkan." Mo lọ wá agolo mìíràn fún òwú mi.

Lẹ́yìn òjò ọdún yìí ni Yahya wá pe ọkọ mi ní ẹnu géètì. "Bàbá, ẹ wo ojú yìí o," ó ní. "Ó wúwo gan-an, àbí?" Lẹ́ǹsì kékeré kan ni, òrùka tí wọ́n fi ń yí i ti gan. Lára irin rẹ̀, ẹnìkan ti fi ìṣó ha Z síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ Zacchaeus ló mọ̀ pé bó ṣe ń sàmì sí ẹrù rẹ̀ nìyẹn, títí dórí àga. Bàbá Hope gbà á lọ́wọ́ Yahya. Ó jókòó sídìí rẹ̀ títí ó fi tú u, ó gbé dígí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè sí ojú fèrèsé, ó sì mí kanlẹ̀.

"Kì í ṣe òun," ó ní. "Àpá kan ló ní. Méjì ni mò ń wá."

Síbẹ̀, kì í gbé lẹ́ǹsì tì láìdán an wò. Ó fi epo rọ òrùka náà, ó dì í mọ́ kámẹ́rà, ó ní kí n dúró níwájú kọ́tìnì. Àwọn lẹ́ǹsì àtijọ́ yìí kì í dá ríran kedere; ìwọ fúnra rẹ ló máa fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi là. Ó yí i, ó yí i, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo sì ní kó yára jàre, ọbẹ̀ wà lórí iná. Ó yà mí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó máa ń bẹ̀rù pé ọ̀kan lè bàjẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo dé láti ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, mo bá fótò méjèèjì lórí tábìlì tó ń gbẹ. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èmi rèé lápá òsì, èmi rèé lápá ọ̀tún, aṣọ kan náà, gèlè kan náà. Lókè èjìká ọ̀tún mi níhìn-ín, èékánná funfun kan. Lókè èjìká ọ̀tún mi lọ́hùn-ún, èékánná funfun kan. Mo gbójú sókè wo ògiri, èékánná méjì yẹn náà ló wà níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n gbé ọ̀kan pamọ́. Kí n fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n ní atẹ́gùn ló gbé e lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Hope ti jáde láti bálùwẹ̀ tó ti ń fọ fíìmù, ó sì rí ibi tí ojú mi wà. Ó wo tábìlì. Ó gbé fótò ògiri sọ̀ kalẹ̀, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Àpá kan ni," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni Zacchaeus yà á, ó wá lẹ̀ wọ́n pọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo jáde.

"Ta ni Zacchaeus yà lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá Hope?"

Mo ní kó jẹ́ ká jẹun. A ò jẹ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, a lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìgàndó. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, sùtánà funfun wọn ṣì wà lọ́rùn wọn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi jókòó. Bàbá Hope gbé fótò náà lé wọn lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Màámi, èwo ni Kẹ́hìndé nínú èyí?"

Wọ́n wò ó bí ẹni tó béèrè orúkọ ara rẹ̀. "Ṣé o ò mọ̀ ni? Kẹ́hìndé ti lọ kí a tó ya ìyẹn. Gbogbo wa la máa ń ṣe é nígbà yẹn. Ìbejì kì í dá ya fótò. Ẹni tó kù ló máa ń dúró fún ẹni tó lọ."

"Mo gbọ́ tí Zacchaeus pè é, Màámi. Mo rántí."

"Ìwọ ló pè," wọ́n ní. "Èmi ni mo ní kó pè ọ́ bẹ́ẹ̀, kí fótò náà lè jẹ́ tiẹ̀. Ó ya ti Táyéwò tán, ó wá ní, 'Kẹ́hìndé, gbójú sókè, wo ọwọ́ mi.' O ò gbójú sókè. O yí ọrùn, o ń wo ẹnu ọ̀nà. O rò pé ó ti dé láti Èkó."

Inú bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí màá bínú sí. Màámi ń fi etí sùtánà nu dígí fótò náà. Wọ́n ní Zacchaeus fẹ́ tún un yà, àwọn ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ò lè dúró wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Ṣé ó jọ mí?" ọkọ mi bi wọ́n, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ.

Màámi gbé fótò náà sún mọ́ ojú wọn. "Fótò yìí ni mo fi ń rántí rẹ̀," ni wọ́n wí.

A padà sílé. Ó gbé fótò náà kọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó gbé lẹ́ǹsì Zacchaeus sórí tẹlifísọ̀n nísàlẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tẹ́tí sílẹ̀ láti yàrá. Ó jáde sí pálọ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dúró. Kò kí ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọdún tí ìkíni yẹn fi ń bí mi nínú, mi ò mọ̀ pé ilé lè dákẹ́ tó báyìí láìsí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nítorí ooru. Ìbejì ò wọ́n ládùúgbò wa. Ìyá kan dúró lójúlé kejì, ó ń pe ọmọ rẹ̀ kó wá wẹ̀. "Kẹ́hìndé! Kẹ́hìndé, ṣé o ò gbọ́ ni?"

Bàbá Hope yíjú. Ọrùn yẹn náà ni, àgbọ̀n yẹn náà, gbogbo ewú orí rẹ̀ ò yí i padà. Ọmọ tó ti ń bà mí lẹ́rù láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ jókòó tì mí lórí àga, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Mi ò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì bá a wo ẹnu ọ̀nà.