Ọjọ́ Tí Tábúlẹ́ẹ̀tì Mi Dákẹ́ Níwájú Ìjọ

Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ máa bi mí ní ìbéèrè. Ẹni tó ti fi wákàtí mẹ́wàá gbé páálí nínú ilé ìkẹ́rùsí ní River Road, tó délé tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, kò yẹ kí pátákó kékeré kan tún máa bi í bóyá ó fẹ́ ṣe update nísinsìnyí tàbí ó di ìgbà mìíràn. Ìgbàkígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì mi bá bi mí, "Later" ni mo máa ń tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà òtútù títí ooru fi dé. Nílé wa ní Dagenham a kò tilẹ̀ ní Wáì-fáì, data orí fóònù la fi ń gbọ́ bùkátà, nítorí náà mo gbà pé bó bá yá, ìbéèrè náà yóò sú u.

Nítorí ojú mi ni mo ṣe ra tábúlẹ́ẹ̀tì náà ní Vicarage Field, ilé ńlá tí ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí. Èmi ni òǹkàwé nínú ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun kan tó ń jọ́sìn nínú ilé ìkẹ́rùsí tí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ka Bíbélì sí ìjọ létí, mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì, lẹ́tà inú Bíbélì ńlá orí pẹpẹ ti ń kéré sí i lójú mi, wọ́n ń rìn bí èèrà. Ìyàwó mi ní kí n lọ rí dókítà ojú. Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀, pé iná ilé ìjọsìn ni kò mọ́lẹ̀ tó. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, mo lè fẹ lẹ́tà títí yóò fi tó ekùrọ́.

Bàbá Olùṣọ́, olórí ìjọ wa, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Wọ́n ní kò sí ibi tí a ti ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lára ohun tí a ń cháàjì. Mo bẹ̀ wọ́n títí, mo tún purọ́ mọ́ ọn pé àwọn ọ̀dọ́ ni yóò wù láti máa kàwé bí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ mi. Mi ò dárúkọ ojú. Níkẹyìn wọ́n fún mi ní Sọ́ńdè kan péré láti dán an wò. Bó bá dójú tì wá, tábúlẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ dé iwájú pẹpẹ mọ́. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí: ọjọ́ tí wọ́n bá lé tábúlẹ́ẹ̀tì, èmi náà ti kúrò nídìí ìwé kíkà nìyẹn.

Sọ́ńdè náà, ọpẹ́ là ń dú nítorí òrùlé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ibi tí Bàbá Olùṣọ́ yàn fún kíkà ni ìwé Nehemáyà, níbi tí wọ́n ti to gbogbo àwọn tó tún odi ìlú mọ, orúkọ lórí orúkọ, ọmọ lórí baba. Bó bá jẹ́ Sáàmù ni, ǹ bá kà á lórí. Ta ló mọ Nehemáyà lórí?

Lẹ́nu ọ̀nà, mo ní láti bọ́ bàtà, bí a ti ń ṣe. Bàtà mi lókùn, ikùn mi ò sì jẹ́ kí n tètè bẹ̀rẹ̀, mo bá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fún ìyàwó mi pé kó bá mi dì í mú. Àwọn ọ̀dọ́ ti fi Wáì-fáì sínú ìjọ nítorí àwọn tó ń wo ìsìn láti ilé, mo sì ti so tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn ní Sátidé tí mo wá ṣe ìdánrawò. Nígbà tí mo bọ́ bàtà tán, mo gba ẹrù mi, mo tún sùtánà mi ṣe, mo wọlé.

Mo dúró níwájú ìjọ, mo kí wọn, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ka orúkọ mẹ́ta. Bí mo ṣe fẹ́ mú ìkẹrin, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì ṣú dùdù. Lẹ́yìn náà ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, ó ń gùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí n má ṣe pa á. Mo di ojú mi. Ìtìjú ni mo fi dì í.

Ṣùgbọ́n nínú ìjọ tiwa, bí ènìyàn bá dákẹ́ lójijì níwájú pẹpẹ tó sì dijú, ohun kan ṣoṣo ló túmọ̀ sí: Ẹ̀mí ti gbé e. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọrin jẹ́jẹ́. Àwọn kan kúnlẹ̀. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo la ojú kan díẹ̀. Ìyá tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn tí Ẹ̀mí bá gbé sínú ìwé ni, wọ́n ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú bírò.

Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi sínú ìjọ aláṣọ funfun, Ẹ̀mí kò gbé mi rí, kò tilẹ̀ yà sí ọ̀dọ̀ mi. Bí mo bá dúró bẹ́ẹ̀ títí ìlà yẹn yóò fi parí, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà gbójú sókè, wọ́n rọra bi mí pé kí ni mò ń rí. Ẹni tó kúnlẹ̀ kò ṣe é purọ́ fún.

"Update ni, mà," ni mo wí.

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ àkókò sí i pẹ̀lú. Ó wà nínú ìwé náà di òní.

Bàbá Olùṣọ́ ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ yé. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n wo tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n gbé Bíbélì ńlá síwájú mi, wọ́n ní kí n ka ìwé tí kì í sùn. Mo tẹ̀ síwájú, mo fà sẹ́yìn, mo gbé e sún mọ́ iná. Èèrà ni. Mo wo ìjọ, gbogbo wọn ń wò mí, mo sì rí i pé ibi tí mò ń sá fún ni mo dé yìí.

"Bàbá," mo ní, "ẹ má bínú. Ojú mi ò rí i mọ́. Ó ti pẹ́."

Wọn kò bá mi wí. Wọ́n fa Bíbélì náà sọ́dọ̀ láti kà á fúnra wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n húkọ́, wọ́n ní ọ̀fun ń dun àwọn, wọ́n nà án sí alàgbà tó wà lápá ọ̀tún. Ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wá jígí ojú rẹ̀ lápò, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rí jígí lójú rẹ̀ rí. Ó nà án sí ẹnìkejì, ẹnìkejì ní òun kò fi bẹ́ẹ̀ mọ Nehemáyà. Bíbélì kọjá lọ́wọ́ àgbà márùn-ún bí ọmọ tó ń sunkún, oníkálukú ń gbé e fún ẹlòmíràn. Mo wá mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ti ń bá èèrà jà. Orí ni gbogbo wọn ti fi ń ka Bíbélì yẹn láti ọjọ́ yìí wá.

Ibẹ̀ la wà tí tábúlẹ́ẹ̀tì fi jí. Lẹ́tà rẹ̀ dúró gbọingbọin. Mo tún Nehemáyà bẹ̀rẹ̀ látòkè, Bàbá Olùṣọ́ sì dúró lẹ́yìn èjìká mi, ètè wọn ń mì, wọ́n ń kà á pẹ̀lú mi. Inú mi dùn débi pé mo pe orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí à ń lọ sílé nínú mọ́tò, mo bi ìyàwó mi bóyá ó tẹ nǹkan kan nígbà tí mò ń bá okùn bàtà jà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí ló dé.

"Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Dádì," ni ó wí. "Wọn kì í bi èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó má dáhùn. Àfi ẹ̀yin. Ọdún méjì ni mo ti ń bi yín léèrè ojú yín."

Mo ní kó bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń yẹ ojú wò ní Heathway. Bàbá Olùṣọ́ ni mo bá lórí àga, wọ́n fa fìlà bo iwájú orí, alàgbà méjì sì jókòó tì wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Wọ́n sún fún mi kí n jókòó. Kò sẹ́ni tó bi ẹnìkejì ohun tó wá ṣe. Ìgbà tí wọ́n pe Bàbá Olùṣọ́ wọlé ni wọ́n dìde, wọ́n fi ẹnu sún mọ́ etí mi.

"Ṣọ́ọ̀bù wo gan-an lo ti ra tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn ní Vicarage Field?"