Ejò Tó Yí Obìnrin Náà Ká

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dá ilé gbé ní àdúgbò Cornerstone, ní Calgary, Kánádà, mo ra àwòrán kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọjà àlòkù. Obìnrin òyìnbó kan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan ṣoṣo là ń rí, wọ́n fi ọ̀já di irun rẹ̀, wọ́n sì so aṣọ rẹ̀ mọ́ èjìká kan bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwẹ̀ bọ̀. Ejò kan tó ki ìrù ara rẹ̀ bọ ẹnu ló yí i ká. Bàbá tó ń tajà ṣàlàyé fún mi pé ojú bàbà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fín in kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, àti pé àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ni ayàwòrán náà ń wò kọ́ṣe. Ó ní ejò yẹn kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì lópin: ìfẹ́ tí kì í tán ni.

Ìfẹ́ tí kì í tán! Èmi tí mo ń ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, tí kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, mo sì ń kí i láràárọ̀. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n kò bínú sí mi rí.

Ọ̀sán Sátidé ni ẹgbẹ́ àdúrà wa máa ń wá sílé mi. Ìgbà yẹn nìkan ni ilé mi ń gbọ́ ẹ̀rín. Ní Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n tó ń darí wa wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ògiri.

"Jésù! Sister, ejò rè é o! And you're wondering why husband hasn't come?"

"Ẹ̀gbọ́n, àmì ìfẹ́ ni, mà."

"Ìfẹ́ wo? Yọ ọ́ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ò ní wá síbí mọ́."

Inú bí mi. Ejò tó ti fi ìrù ara rẹ̀ dí ẹnu, ta ló tún fẹ́ bù jẹ? Ṣùgbọ́n ènìyàn laṣọ mi, mi ò sì lè wà níhòòhò nínú òtútù Calgary. Mo dá àwòrán náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dùn mí bí ẹni tó lé àlejò.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo se ìrẹsì, mo to àga. Snow bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà ò dáa, ká ṣe é lórí fóònù. Ojú wọn yọ, kálukú nínú férémù kékeré tirẹ̀.

"Sister, ṣé o ti yọ ọ́?"

Mo kọjú fóònù sí ògiri.

"Praise God!"

A gbàdúrà ránpẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ojú tèmi nìkan.