Ọdún Tí Orúkọ Ara Mi Ń Bà Mí Lẹ́rù

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé orúkọ ara mi gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù láyé. Akólòlò ni mí láti kékeré. Mo lè kọrin láàárín ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ádó-Èkìtì láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti béèrè orúkọ mi, ọ̀fun mi á dí pa bí ìgbà tí èèyàn gbé òkèlè iyán mì láìlọ́bẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá há mi lẹ́nu, mo lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Orúkọ ẹni ò ní àrọ́pò.

Ìyẹn ló ba nǹkan jẹ́ fún mi nígbà àkọ́kọ́ tí ìjọba pè wá fún íntáfíù iṣẹ́ olùkọ́. Mo ti jáde ní yunifásítì, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta láti àárọ̀, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé. Nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà mi, mo dìde, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde lọ. Ọ̀kadà ló gbé mi dé àdúgbò Fájuyì, mò ń wẹ̀yìn bí ẹni tó jalè. Mo sọ fún màmá mi pé gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa, pé wọ́n ní ká máa retí lẹ́tà. Láti ọjọ́ náà ni màmá mi ti ń gbàdúrà fún lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò kọ.

Nígbà tí ìjọba tún pè wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rù mi di méjì. Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ń bà mí lẹ́rù, irọ́ tí mo pa náà sì ń bà mí lẹ́rù, nítorí àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń gbé ní Ìyìn-Èkìtì nìkan ni mo jẹ́wọ́ fún. Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì tún máa ń wo èèyàn bí ẹni tó pẹ́ dé iléèwé. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní “uṣẹ́”, bí àwa Èkìtì ṣe ń pe iṣẹ́, tí mò ń wá yìí, ṣe ni ká múra sílẹ̀ fún un, kí n máa bọ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n sì máa de táì wá kí ọrùn mi lè mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ tó pé.

Ní ọjọ́ kẹta, mo bá tábìlì láàárín pálọ̀ wọn. Àwọn fúnra wọn jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí àwọn tó ń ṣe íntáfíù, pẹ̀lú ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyàwó pásítọ̀ wọn. Ọlọ́pàá béèrè orúkọ mi. Ẹnu mi ń mì, ohùn ò jáde, òógùn ti bo ojú mi. Àánú mi ṣe ìyàwó pásítọ̀, wọ́n sì bá mi pe orúkọ náà parí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbá tábìlì.

“Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ sọ ọ́.” Wọ́n wá kọjú sí mi. “Ìwọ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá ọ parí ọ̀rọ̀, dá a dúró. Ẹnu rẹ ni, kì í ṣe tiwọn.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́pàá sùn lọ níbi tó ti ń dúró dè mí. Nígbà tó máa fi jí, ìró àkọ́kọ́ ni mo ṣì wà. Ẹ̀rù náà ò sì dín kù. Nígbà tó ku ọ̀la, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé mi ò lọ mọ́. Wọn ò bẹ̀ mí.

“Mi ò sọ pé kí ẹ̀rù má bà ọ́,” ni wọ́n wí. “Mo ní kí o wọlé ni.”

Mo wọlé. Bí mo ṣe ṣe é, mi ò lè sọ, torí pé ẹsẹ̀ mi ti ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ọkùnrin tó wà láàárín àwọn mẹ́ta béèrè orúkọ mi. Ìró àkọ́kọ́ há mi lẹ́nu. Ìyá tó wà lápá òsì wo fáìlì mi, wọ́n sì fẹ́ bá mi kà á jáde. Mo nawọ́ sókè.

“Ẹ jọ̀wọ́ mà,” ni mo fi ìkólòlò sọ, “akólòlò ni mí. Ẹ má bá mi sọ ọ́. Mò ń bọ̀.”

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Ọkùnrin náà wá béèrè bí mo ṣe fẹ́ fi irú ẹnu yìí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìyẹn ní Ìyìn. Mo ní mi ò mọ̀, sà, àmọ́ kò sí ọmọ tí wọ́n máa kán lójú nínú kíláàsì mi. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní kí n máa lọ. Mo jáde síta. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí.

Lẹ́yìn oṣù bíi méjì, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ dé. Màmá mi gbé e lé orí, wọ́n ń dúpẹ́ pé lẹ́tà tí àwọn ti ń retí láti èṣí ti dé. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé lẹ́tà náà kúrò lórí.

“Ṣé èmi náà wà lára ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù ni?” ni wọ́n bi mí.

Mo tún dojú bolẹ̀.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ́ni báyìí, mo sì ń kólòlò síbẹ̀. Àwọn ọmọ ti mọ̀, kò sì jọ wọ́n lójú. Gbogbo ẹ̀rù ọdún náà ti di ohun tí mo lè fi rẹ́rìn-ín, àfi ìbéèrè màmá mi. Èmi náà ti lọ́mọ. Nígbà míì, mo máa wọlé, ọmọ mi á dákẹ́ lójijì, ìbéèrè náà á sì tún wá sí mi lọ́kàn. Mi ò kì í béèrè ohun tó ṣe é. Mo máa ń bọ́ bàtà mi, mo máa ń jókòó tì í, kó lè rí i pé mi ò lọ ibì kankan.