Àárọ̀ Nìkan Ni Wọ́n Rí Keturah

Ọ̀sán ni Keturah Awóníyì kú. Ọjọ́rú tó kọjá ni, lórí bẹ́ǹṣì onípákó níwájú ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìbàràpá wa níbí, tí wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn ibi tí dókítà ti ń rí aláìsàn. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ọ̀sán yìí sọ́kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àìsàn ló pa á, ẹ bi í pé ta ló ṣílẹ̀kùn fún àìsàn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wá bá wa ṣe ìkórè rí ní ìjọ wa ní Lanlate, ẹ ò lè ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Pákí gbígbẹ ló ń tà lọ́jà, ṣùgbọ́n gbàǹjo la fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìsìn ìkórè, tí wọ́n bá ti kó iṣu àti àgbàdo àti adìyẹ jọ síwájú, Keturah, Màmá Ayọ̀kúnmi bí a ṣe ń pè é, ni yóò dìde tà wọ́n. Kì í gba máìkì. Àwọn ọlọ́kadà tó wà lójú títì á gbọ́ ọ.

"Bàbá Babáwálé, láti àárọ̀ lẹ ti ń wo iṣu yìí bí ẹni ń wo àfẹ́sọ́nà! Ẹ nawọ́ sókè jàre, àbí Màmá Babáwálé ló dì yín lọ́wọ́ mú?"

Gbogbo ìjọ á bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Babáwálé á sì nawọ́ sókè tipátipá. Òrùlé tó wà lórí wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, owó tí ohùn obìnrin yìí pa wà níbẹ̀.

Ní ìkórè èṣí, ohùn náà yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó fi máa dé orí adìyẹ, imú ni ọ̀rọ̀ ń gbà jáde, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ìpéǹpéjú rẹ̀ kan sì ti wálẹ̀ bí ti ẹni tí oorun ń kùn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ní, "Àbí wọ́n ti mu nǹkan ni?" Ni Alàgbà Japheth bá dìde, ó gba adìyẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ lọ jókòó, Màmá Ayọ̀kúnmi. Ilé Ọlọ́run nìyí, kì í ṣe ìsọ̀ paraga."

Ẹ wo bí wọ́n ṣe rò ó. Láàárọ̀, nígbà ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ló tún lè wà láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán bí kì í bá ṣe ìgò? Ọgbọ́n ńlá! Obìnrin tí kò fi ẹnu kan ọtí láyé rẹ̀, wọ́n fi í sábẹ́ ìbáwí, wọ́n ní kó gbààwẹ̀ kí ẹ̀mí ọtí lè fi í sílẹ̀. Ẹnu ti ń rẹ̀ ẹ́ nígbà náà tó bá ń jẹun, ó máa ń fọwọ́ ti àgbọ̀n rẹ̀ sókè kó tó lè jẹ ẹran. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó má jẹun. Ó sì gbà á, nítorí pé ó bẹ̀rù Ọlọ́run.

Nílé ńkọ́? Ẹ mọ àṣà wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán la máa ń yà kí aláìsàn, ká tó kọjá sóko. Gbogbo ẹni tó bá yà, Keturah ló ń dá wọn lóhùn fúnra rẹ̀: ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa, àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n á jáde, wọ́n á máa sọ lójú ọ̀nà pé kò mà sí nǹkan tó ṣe é. Tí wọ́n bá ti oko dé nírọ̀lẹ́, tí wọ́n kí i lẹ́nu ọ̀nà, tí kò lè dáhùn, wọ́n á ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká wá gbà? Ọ̀mùtí ni àbí agbéraga?

Mo lè fi ojú fo àwọn aládùúgbò dá. Wọn ò kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Ilé ìwòsàn ńkọ́? Níbẹ̀, ìdájí ni wọ́n ti ń gba nọ́ńbà, nítorí kí oòrùn tó kan àtàrí, dókítà ti parí iṣẹ́. Orí ọ̀kadà ni Ayọ̀kúnmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń gbé e lọ. Ìyá á jókòó, á sinmi, á dúró de nọ́ńbà rẹ̀. Ohùn tó ti sinmi á sì padà wá, á kóbá a.

"Kí ló ń ṣe yín, mà?"

"Ohùn mi ló ń lọ, dókítà."

"Ohùn wo? Èyí tí ẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí?"

Oògùn ibà ni wọ́n fún un. Ọmọ rẹ̀ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé e lọ fún wọn. Dókítà kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. "Ṣé fóònù ni kí n fún lóògùn ni?" Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn.

Nínú àwọn dókítà, ẹnì kan ṣoṣo ló rí Keturah lọ́sàn-án. Dókítà agùnbánirọ̀ ni, Tósìn lórúkọ rẹ̀, ilé ìwòsàn yẹn kan náà ló ti ń sìnlú. Ó wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru fáwọn èèyàn lọ́jọ́ ọjà Lanlate, ojú rẹ̀ sì bá ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ yẹn nídìí pákí. Wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀mùtí tó ń ta gbàǹjo ni. Ó jókòó tì í.

"Màmá, ẹ bá mi ta àga yìí ní gbàǹjo."

Ayọ̀kúnmi ní ìyá òun kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ló bá kígbe bíi ti àtijọ́. Àwọn ọlọ́jà yíjú. Kò pẹ́ tí ohùn fi ń wálẹ̀, tó di ti imú, tó di èémí lásán. Dókítà ní kó dákẹ́, kó dijú, kó sinmi. Nígbà tó yá, ó ní kó tún un ṣe. Ohùn padà.

"Kì í ṣe ọtí, mà," ni Tósìn wí. "Àìsàn kan ló ń gba agbára lára iṣan. Bí ẹ bá ṣe ń lò ó ló ń rẹ̀ ẹ́. Oògùn wà fún un, ẹ gbọ́dọ̀ dé Ìbàdàn kíákíá, kó má baà mú iṣan tí ẹ fi ń mí."

Ìyá náà sunkún. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ sọ? "Ẹ bá mi sọ ọ́ fún Alàgbà."

Ilé ìwòsàn ni yóò fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ọ̀gá dókítà ni yóò sì fọwọ́ sí i. Nígbà wo ni ọ̀gá ń rí èèyàn? Láàárọ̀. Wọ́n lọ láàárọ̀. Keturah sọ̀rọ̀, ó dá ṣáká. Tósìn bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó dúró di ọ̀sán, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀gá ní ọmọ àná ò lè wá kọ́ òun níṣẹ́. Láìpẹ́, wọ́n gbé Tósìn lọ síṣẹ́ ní ìlú Tápà.

Màmá àti ọmọ wá pinnu pé àwọn á dá Ìbàdàn lọ fúnra àwọn. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi ọkọ̀ sí. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ẹ̀kọ mímu gba ọ̀nà òdì, kò lágbára láti wúkọ́ ọ jáde. Ọ̀kadà gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Dókítà ti lọ. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí aláìsàn fi ń mí wà náà ti lọ. Nọ́ọ̀sì ń sáré kiri, ó ń pe fóònù tí kò wọlé. Keturah la ẹnu, ohùn kankan ò jáde. Ayọ̀kúnmi ń kan ìlẹ̀kùn dókítà títí tí ìyá rẹ̀ fi dákẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn.

A sin ín ní àárọ̀ Àbámẹ́ta. Alàgbà Japheth gba máìkì, ó ní ìjọ pàdánù ohùn wúrà. Ohùn wúrà! Nígbà wo ni paraga di wúrà? Kò sẹ́ni tó bi í. Mo wo Ayọ̀kúnmi. Kò sí ohun tí mo lè kọ tí yóò dá èémí padà sáyà ìyá rẹ̀.

Síbẹ̀ mo ń béèrè. Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ìwòsàn náà, dókítà wo ló yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú? Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Ibo ni kọ́kọ́rọ́ yẹn wà? Ta ló gbé ọmọ tó mọ àìsàn yìí kúrò nítòsí ẹni tí àìsàn ń ṣe? Ẹ dá wa lóhùn, kí ẹ sì fi dókítà síbẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí aláìsàn kì í parí nígbà tí nọ́ńbà bá parí.

Ẹ̀yin ará ìjọ wa, ìkórè ń bọ̀. Mo fẹ́ kí Alàgbà Japheth dìde, kó dúró síbi tó ti gba adìyẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sọ pé obìnrin yìí kò mutí. Kó má gba máìkì. Kó sọ ọ́ kí àwọn ọlọ́kadà tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Kó má sì sọ ọ́ láàárọ̀. Ọ̀sán ni kó sọ ọ́.