Adìẹ Tó Sún Ìdúpẹ́ Mi Síwájú

Òórùn ilé adìẹ kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún méjì àkọ́kọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀sìn adìẹ kan lẹ́bàá Òṣíẹ̀lẹ̀, lọ́fínńdà nìkan ló ń ta sánsán lára tèmi. Inú ọ́fíìsì ni mo máa ń jókòó sí, tí mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí a ó ṣe po àgbàdo, sóyà àti ẹja lílọ̀ di oúnjẹ adìẹ. Mo ti gboyè nínú ìmọ̀ ohun ọ̀sìn, ṣùgbọ́n òkèèrè ni mo ti ń wo adìẹ alààyè. Àgbébọ̀ kan tó ń tọ́mọ ló ṣá mi jẹ nígbà èwe mi, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì kúrò lára mi. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí èèyàn bá bi mí ní ìbéèrè nípa adìẹ, ìwé ni mo máa ń ṣí fún un.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa sọ fún mi pé òun ń lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ó ní, "Ìwọ ni ipò yìí tọ́ sí, àmọ́ ẹni tó bá ti wọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ohun ọ̀sìn ló lè máa buwọ́ lu ìwé oúnjẹ adìẹ. Lọ ṣe ìdánwò wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Èkó ni wọ́n ti máa mú ẹlòmíì wá." Mo sọ fún bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Kemta. Kí n tó ra bírò, bàbá ti lọ bá àlùfáà ìjọ wa pé kí wọ́n fi ìdúpẹ́ ọmọ òun sí ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìdánwò náà.

Ìdánwò orí ìwé kò fún mi ní wàhálà kankan. Àfi bí wọ́n ṣe kó wa jáde sí àgbàlá, níbi tí adìẹ márùn-ún wà nínú àgò, tí wọ́n ní kí oníkálukú mú èyí tí kì í yé ẹyin jáde. Mo di ojú, mo sì fa ọ̀kan jáde ní apá. Adìẹ náà ké, ó gbọn ara rẹ̀ gbà, ó fò sórí tábìlì alàgbà olùdánwò, ó sì su sórí ìwé tí orúkọ gbogbo wa wà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Alàgbà náà wò mí títí. Ó ní, "Jọ̀ọ́, nínú ẹ̀yin méjèèjì, èwo ló wá ṣe ìdánwò?"

Wọ́n ní kí n padà wá nígbà mìíràn. Nígbà tí mo rò fún bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nu. Ó tẹ àlùfáà láago lójú mi: "Ẹ bá wa sún ìdúpẹ́ yẹn síwájú, sà. Adìẹ kan ló dá wa dúró."

Ìyá Ẹlẹ́yin ni a ń pe màmá tó ń ṣa ẹyin lóko wa. Mo lọ bá a láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ló dá mi lóhùn. "Ta ló máa ń gba ojú fèrèsé kí adìẹ?"

Ó kọ́ mi pé a kì í fa adìẹ ní apá. Ó ní kí n ki ọwọ́ bọ abẹ́ àyà rẹ̀, kí n fi ìka há ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí n sì gbé e mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Bí o bá ń gbọ̀n, òun náà á máa gbọ̀n." Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí n tó lè gbé ẹyọ kan láìpariwo. Ara mi wá rùn, inú Ìyá Ẹlẹ́yin sì dùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé egungun àyà àwọn adìẹ tó wà ní ìlà ẹ̀yìn ti mú bí ọ̀bẹ, torí oúnjẹ tí mò ń ṣírò dáadáa lórí kọ̀ǹpútà ti ń tán kó tó kàn wọ́n. Ojú tì mí. Ọjọ́ yẹn gan-an la yí bí a ṣe ń pín in padà.

Nígbà tí mo padà lọ ṣe ìdánwò, bí alàgbà ọjọ́sí ṣe rí mi, ó yára kó ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Mo gbé adìẹ kan, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì fi í sílẹ̀. Mo gbé èkejì.

"Èyí ò yé ẹyin, sà. Ogbe orí rẹ̀ ti ṣá, kò pọ́n mọ́, egungun méjì ìdí rẹ̀ sì ti sún mọ́ra débi pé ìka mi ò gba àárín wọn."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Màmá tó ń ṣa ẹyin lóko wa ni, sà."

Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ìwé rẹ̀ sórí tábìlì padà.

Ọjọ́ tí wọ́n gbà wá sẹ́gbẹ́, bàbá mi wọ agbádá tó fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ, ó sì tún tẹ àlùfáà láago nípa ìdúpẹ́ wa. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìwé ẹ̀rí náà lọ han Ìyá Ẹlẹ́yin. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó yí ìwé náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ó dáa o. Ibo ni wọ́n kọ orúkọ tèmi sí?" A jọ bú sẹ́rìn-ín.

Ó ti lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ báyìí, èmi ni mo sì ń buwọ́ lu ìwé lóko. Ìwé ẹ̀rí yẹn wà lára ògiri ọ́fíìsì mi. Àwọn àlejò máa ń dúró wo àwọn ọ̀mọ̀wé tó buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Nígbà míì èmi náà á dúró wò ó, á sì máa ṣe mí bíi pé ó ku ìbuwọ́lù ẹnì kan.